Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọwọ́: Ta Ló Ṣe É, Ta Ló Sì Ń Kọ́ Ọ?

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 35:25–35, 39:32–43, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36–42
Ẹsẹ àkọ́sórí: Òwe 31:31
Kókó ẹ̀kọ́: Ìpàtẹ tó wu Ọlọ́run máa ń bu ọlá fún ẹni tó ṣiṣẹ́, ó sì máa ń kọ́ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà.

ÀKỌ́SỌ

Nígbà ìkórè àti nígbà àjọ̀dún ẹgbẹ́, ó ti di àṣà wa láti pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́: àdìrẹ, aṣọ òfì, ẹní, apẹ̀rẹ̀, ọṣẹ dúdú, àti aṣọ ọmọ tuntun tí a fi òwú hun. A ó wò, a ó rà, a ó ka owó tó wọlé, oníkálukú yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ìyẹn dára, nítorí pé iṣẹ́ ìjọ ń fẹ́ owó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: lẹ́yìn owó, kí ni ìpàtẹ wà fún?

1. ÌPÀTẸ MẸ́TA NÍNÚ BÍBÉLÌ

Èkíní wà nínú Ẹ́kísódù 39. Nígbà tí iṣẹ́ àgọ́ parí, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kó gbogbo ohun tí wọ́n ṣe wá síwájú Mósè. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ó bá àṣẹ Ọlọ́run mu. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí: àwọn òṣìṣẹ́ ni ó súre fún.

Ta ni àwọn òṣìṣẹ́ náà? Orí 35 dárúkọ Bésálélì láti ẹ̀yà Júdà àti Òhólíábù láti ẹ̀yà Dánì. Ó tún sọ nípa àwọn obìnrin ọlọ́gbọ́n tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ran òwú. Nígbà tí àwọn baba wa ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, aláró ni wọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn òwú náà, wọ́n sì pe òmíràn ní òdòdó. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ìyá tó ń pa aṣọ láró ni wọ́n mú wọ inú àgọ́ Olúwa. Ẹsẹ 34 wá fi ohun kan kún un tí a kì í sábà kà dáadáa: Ọlọ́run fi ẹ̀bùn kíkọ́ ẹlòmíràn sí Bésálélì àti Òhólíábù lọ́kàn. Ìmọ̀ iṣẹ́ nìkan kọ́ ni ẹ̀bùn. Kíkọ́ ẹlòmíràn náà wà lára rẹ̀.

Ìpàtẹ kejì wà ní Jópà, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9. Tàbítà, tí à ń pè ní Dọ́káàsì, ti kú. Àwọn opó dúró ti Pétérù, wọ́n ń sọkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí ó ṣe nígbà ayé rẹ̀ hàn án. Kò sí tábìlì níbẹ̀, kò sí iye owó, síbẹ̀ ìpàtẹ ni. Aṣọ wọ̀nyẹn ni ẹlẹ́rìí ìfẹ́ rẹ̀, a kò sì gbàgbé orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀kẹta ni ti obìnrin oníwà rere inú Òwe 31. Ní ẹnubodè, níbi tí àwọn àgbà ìlú ń jókòó, ni iṣẹ́ rẹ̀ ti di ìyìn fún un. Nínú ìpàtẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò ya iṣẹ́ kúrò lára ẹni tó ṣe é.

2. Ẹ JẸ́ KÍ A MÚ ÀDÌRẸ ṢE ÀPẸẸRẸ

Iṣẹ́ obìnrin ni àdìrẹ jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Abẹ́òkúta tó lókìkí fún un náà ni ìlú tí òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, Thomas Birch Freeman, dé ní oṣù December 1842, lẹ́yìn tí ó ti gúnlẹ̀ sí Badagry ní oṣù September ọdún kan náà.

Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ inú rẹ̀: a dì í, a sì rẹ ẹ́. Ti oníko ni èyí tí a fi ìko so. Ti alábẹ́rẹ́ ni èyí tí a fi abẹ́rẹ́ rán mọ́ra. Fún ti ẹlẹ́kọ, a ó fi láfún àti álọ́ọ̀mù ro ẹ̀kọ, a ó fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ̀ ọ́. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin náà máa ń gé páànù sí àwòrán tí a ó fi tẹ ẹ̀kọ sí aṣọ.

Aró náà kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. A ó gún ewé elú tútù, a ó ṣù ú, a ó sì sá a gbẹ. A ó da omi sí eérú nínú ìkòkò tí a lu nídìí, kí omi rẹ̀ lè máa ro sísàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni a ó rẹ elú sí fún ọjọ́ mélòó kan, títí aró yóò fi ṣe é lò. Aṣọ tí a bá kọ́kọ́ fà yọ máa ń ní àwọ̀ bíi ti ewé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i ni ó ń di aláró. A ó tún rì í, a ó tún yọ ọ́, léraléra, títí yóò fi dú bí a ti fẹ́.

Ìtàn tún wà lára aṣọ náà. Èyí tí à ń pè ní Ìbàdàndùn ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó lára, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Àdìrẹ Jùbílì jáde nítorí ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún lò lórí ìtẹ́, ní 1935. Àwọn ìyá tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ìwé kọ ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ìtàn ìlú.

Ẹni tó bá wo aṣọ lórí tábìlì lásán kò lè rí gbogbo èyí. Ní ìpàtẹ kan tí àwa náà lọ, a bèèrè ẹni tó ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tó rẹwà púpọ̀. Ẹni tó ń tà á ní àwọn màmá kan lábúlé ni. Aṣọ náà ní iye lára. Ìyá tó ṣe é kò ní orúkọ.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Onikan, l'Ékòó, láti 1957, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀, ti ṣe dáadáa ní pípa iṣẹ́ àtijọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ inú gíláàsì kò lè kọ́ ọmọ ní bí a ti ń so ìko. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Olóyè Nike Okundaye fi wú wa lórí. Ọgídí, ní Ìpínlẹ̀ Kogí òde òní, ni a bí i sí ní 1951, inú ẹbí rẹ̀ ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́. Ní 1983 ó dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń pàtẹ, ó sì ń kọ́ni.

3. ÒTÍTỌ́ LÓRÍ TÁBÌLÌ

Ní àwọn ọdún 1930, aró òyìnbó àti sódà olóró wọ ọjà Abẹ́òkúta. Wọ́n dín wàhálà kù, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí bí aṣọ ṣe ń ṣá àti bí ó ṣe ń gbó. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de ohun èlò tuntun náà, àwọn aláró kò sì gbà á bẹ́ẹ̀. A ní láti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. A kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí ìyá tó ń wá oúnjẹ ọmọ ni ó pọ̀ nínú wọn.

Lóde òní, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán àdìrẹ sí aṣọ ní ilẹ̀ òkèèrè, a sì ń tà á ní pọ́ọ́kú. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ra aṣọ ẹ̀rọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé e síwájú ènìyàn pé ọwọ́ ni a fi ṣe é. Léfítíkù 19:35–36 kò fi àyè sílẹ̀ fún ìwọ̀n èké, ì báà jẹ́ pé owó ilé Ọlọ́run ni à ń kó jọ.

4. ÌBÉÈRÈ TÍ ÀWỌN KAN MÁA Ń BÈÈRÈ

Àwọn arábìnrin kan ń ṣiyè méjì pé àwọn aláró àtijọ́ máa ń bọ Ìyá Mápó. Ṣé onígbàgbọ́ lè fọwọ́ kan ìkòkò aró? Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 7:13–14. Ará Tírè ni baba Hírámù tó ṣe iṣẹ́ idẹ tẹ́ńpìlì, síbẹ̀ Sólómọ́nì ránṣẹ́ pè é nítorí ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀. Ẹ tún ka 1 Kọ́ríńtì 10:25–26. Olúwa ló ni ilẹ̀, òun náà ló dá ewé elú. A kò ní bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n a kò ní torí rẹ̀ kọ ẹ̀bùn Ọlọ́run sílẹ̀.

5. BÍ ÌPÀTẸ WA ṢE YẸ KÓ RÍ

(a) Kí a kọ orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó kọ́ ọ sí ara ohun kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti di olóògbé, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
(b) Kí a pàtẹ iṣẹ́ náà ní ìpele-ìpele: aṣọ funfun, èyí tí a ti so, èyí tí a ti pa láró tí a kò tíì tú, àti èyí tó parí.
(d) Kí a kọ ọ́ ní gbangba bóyá ewé elú ni tàbí aró ọjà.
(e) Kí a dá iye tó tọ́ lé e. Ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ tí iṣẹ́ gbà, kí a má máa ná arábìnrin wa títí yóò fi tà á ní àdánù.
(ẹ) Kí ìyá kọ̀ọ̀kan tó mọ iṣẹ́ mú ọ̀dọ́bìnrin kan mọ́ra, kí iṣẹ́ ọmọ náà wà lórí tábìlì ní ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dàgbà lára wa. Ìyá tó bá lọ láìkọ́ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ bá a lọ nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni àwọn opó Jópà rí lára aṣọ tí àlejò kò lè rí?
2. Iṣẹ́ ọwọ́ wo ni ẹnìkan ṣoṣo mọ̀ nínú ìjọ wa? Ta ni yóò kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà wo?
3. Bí a bá pàtẹ iṣẹ́ wa síwájú Olúwa lónìí, kí ni yóò jẹ́rìí nípa wa?

ÀDÚRÀ

Baba wa, ìwọ tí o fi ọgbọ́n sí ọwọ́ àwọn ìyá wa, a dúpẹ́. Jẹ́ kí a bọlá fún wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Fún àwọn àgbà ní sùúrù láti kọ́ni, fún àwọn ọmọ wa ní etí láti gbọ́, kí iṣẹ́ ọwọ́ wa lè yìn ọ́ lógo. Nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.