Ohun Tí Èbólà Ọdún 2014 Kọ́ Wa Tó Wúlò Lásìkò Omíyalé Yìí

Ẹ̀kọ́ ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi àwọn òṣìṣẹ́ wa: kí ló dé tí ẹ fi ń yọ wá lẹ́nu láràárọ̀ pé ta ló ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ta ló ń bì, ta ló ti kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn bá kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn elétò ìlera máa ń jókòó yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe wò. Kí ló lọ dáadáa? Níbo la ti fẹsẹ̀ kọ? Bó bá tún dé ńkọ́? Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn Èbólà ní Nàìjíríà la rò pé ó bá ọ̀rọ̀ tiwa mu jù.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan tí ara rẹ̀ kò yá wọ ọkọ̀ òfurufú láti Liberia dé Èkó. Àwọn dókítà ìjọba ń yanṣẹ́ lódì nígbà náà, ni wọ́n bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni. Ó ní òun kò fara kan aláìsàn Èbólà kankan. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh fura síbẹ̀síbẹ̀, kò sì gbà kó kúrò ní ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fúngun mọ́ ọn. Àrùn náà pa arìnrìn-àjò náà, ó sì pa dókítà náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ló mú lápapọ̀, 8 nínú wọn kú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Báwo ni ìlú tí èrò kún fọ́fọ́ bí Èkó ṣe bọ́? Ẹsẹ̀ rírìn ni. Wọ́n kó àwọn tó ti ń gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀ jọ, àwọn tó mọ bí a ti ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 ènìyàn. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí àrùn náà lè lúgọ sára tó bẹ́ẹ̀ kó tó fara hàn. Iye ìgbà tí wọ́n kànlẹ̀kùn jẹ́ nǹkan bí 18,500.

Ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ yọ́ kúrò ní Èkó, ó gba Port Harcourt lọ gba ìtọ́jú ní bòókẹ́lẹ́. Òun yè é, ṣùgbọ́n dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kó o, ó sì kú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni wọ́n tún ní láti wá kiri níbẹ̀.

Àyẹ̀wò náà kò fi ìyìn nìkan bo iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ ti lọ kí ibùdó ìyàsọ́tọ̀ tó ní ohun èlò àti òṣìṣẹ́ tó tó. Ìròyìn tòótọ́ náà kò tètè kárí: àhesọ orí fóònù pé kí a fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún, yára jù ú lọ, ó sì sọ àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn.

Kọ́lẹ́rà tí omíyalé máa ń fà kì í ṣe Èbólà o. Omi àti oúnjẹ tí ẹ̀gbin ti wọ̀ ló ń gbé e kiri. Àmọ́ ó lè pa géńdé láàárín wákàtí díẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń bi yín láràárọ̀. Bí ìgbẹ́ bá ń ṣàn bí omi, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ pe òṣìṣẹ́ wa, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí fún aláìsàn ní omi ORS. Bí kò bá sí, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí orí ṣíbí tẹ́jú dọ́gba, sínú lítà kan omi tí a sè tó ti tutù. Ẹ má fi kún iyọ̀ náà. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọdé. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn.

A gbọ́ pé àwọn kan ń fi àìsàn pamọ́ kí a má baà lé wọn kúrò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sùn sí. A kì í yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìwé oúnjẹ nítorí àìsàn. Bí wọ́n bá gbé ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹni tirẹ̀ ni yóò máa gba ìpín rẹ.

Bákan náà, bí ẹ bá ń kó lọ sọ́dọ̀ ẹbí, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti nọ́ńbà fóònù fún ẹni tó ń pín oúnjẹ ní ibùdó yín. Ọmọ tó kù díẹ̀ kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, bàbá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ikọ́ àwúgbẹ, a kò lè tọpasẹ̀ wọn bí a kò bá mọ ojúlé.

Àwa náà yóò jókòó yẹ iṣẹ́ wa wò tí omi bá fà tán. Àwọn tó máa wá bi yín léèrè kò ní jẹ́ àwa tó ń pín ìrẹsì fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn wí pé “a dúpẹ́”. Bí ẹ̀rọ omi bá jìnnà, bí ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ àwọn obìnrin kò bá ṣeé tì lálẹ́, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.