Ilẹ̀ Há, Ilé Gbà Wọ́n: Ẹ̀kọ́ Lára Ilé Kíkọ́ Àwọn Ará Jàpáànì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n ń sọ o, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa ilẹ̀. Ilẹ̀ kì í pọ̀ sí i. Ènìyàn ló ń pọ̀ sí i lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ibi tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí ni Tokyo, olú-ìlú Jàpáànì. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, àwọn tó ń gbé ní àgbègbè 23 tó jẹ́ àárín gbùngbùn ìlú náà lé ní mílíọ̀nù 9 àti ààbọ̀, lórí ilẹ̀ tí kò tó kìlómítà onígun mẹ́rin 630. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò rò pé kìkì ilé gogoro ni yóò wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá yà kúrò ní títì ńlá, ilé kéékèèké alájà méjì tàbí mẹ́ta ló kún àwọn àdúgbò, tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ti ara wọn bí ènìyàn inú ọkọ̀ èrò. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ìsinmi nínú irú ilé bẹ́ẹ̀? Èrò wa ni pé ilé tó bá fẹ́ gbé ní ibi tó há ní ohun kan tó gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí.

BÍ ILẸ̀ ṢE DI KÉKERÉ

Kí ìlú náà tó máa jẹ́ Tokyo ní ọdún 1868, Edo ni orúkọ rẹ̀ (kì í ṣe Ẹdó ti Bìní o). Láyé ìgbà náà, inú ilé tí wọ́n ń pè ní nagaya ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ń gbé. Ilé onígi gbọọrọ kan ni, tí wọ́n là sí ojúlé-ojúlé, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàrin aládùúgbò méjì, tí ọ̀nà tóóró sì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1923, ìsẹ̀lẹ̀ ńlá mi ìlú náà, iná sì tẹ̀ lé e. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tó bá a lọ. Ní ọdún 1945, bọ́ǹbù ogun tún jó apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà méjèèjì, wàràwàrà ni wọ́n tún ilé kọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró kò sì fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Ohun kejì ni ogún. Owó orí tí ìjọba Jàpáànì ń gbà lórí ogún wúwo. Bí bàbá bá kú tó fi ilẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọmọ lè gé apá kan tà kí wọ́n lè rí owó náà san. Bí ilẹ̀ ojúlé kan ṣe ń di ti ojúlé méjì tàbí mẹ́ta nìyẹn. Bí ilé bá sì gbó, wíwó ni wọ́n sábà máa ń wó o, nítorí ara ilẹ̀ ni owó wà, kì í ṣe ara ilé. Èyí ló fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ayàwòrán-ilé láti máa dán ọgbọ́n tuntun wò.

ILÉ MẸ́TA, ÌYỌ̀ǸDA MẸ́TA

Èkínní ni ilé tí Takamitsu Azuma kọ́ fún ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn ní àgbègbè Shibuya, ní Tokyo, lọ́dún 1966. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń sá lọ sí ẹ̀yìn ìlú láti wá ilẹ̀ tó gbòòrò, Azuma ní àárín ìlú lòun yóò gbé. Gbogbo ilẹ̀ tó rí kò ju bí mítà onígun mẹ́rin 20 lọ, ìyẹn bí yàrá kan tó gùn ní mítà 5 tó sì fẹ̀ ní mítà 4. Ó fi kọnkéré gbé ilé náà sókè ní ìpele mẹ́fà, bí a bá ka èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ mọ́ ọn. Kò fi ilẹ̀kùn kankan sí inú rẹ̀, kódà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní. Àtẹ̀gùn nìkan ló ya yàrá kan nípa sí èkejì. Ohun tí Azuma yọ̀ǹda ni ilẹ̀kùn àti ìpamọ́ tó wà nínú rẹ̀.

Èkejì wà ní Sumiyoshi, ní ìlú Osaka. Tadao Ando ló kọ́ ọ lọ́dún 1976. Ando ti kan ẹ̀ṣẹ́ rí, kò sì lọ sí yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà. Ara rẹ̀ ló fi kọ́ra. Àárín nagaya mẹ́ta tó so pọ̀ ni wọ́n ní kó ti yọ ọ̀kan, kó sì kọ́ tuntun sí àyè rẹ̀. Ibẹ̀ fẹ̀ ní mítà 3.3 péré, ó sì gùn tó bí mítà 14. Ilé aládùúgbò dí ọ̀tún, ó dí òsì. Fèrèsé kò ṣeé ṣí. Ando kò ṣí fèrèsé sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú. Ńṣe ló pín ilé náà sí mẹ́ta, ó sì fi ìdá kan tó wà láàrin sílẹ̀ láìbò ó. Láti ojú ọ̀run ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ẹni tó bá mọ àgbàlá inú agbo-ilé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wá bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀, agbòòrùn ni onílé yóò fi ti pálọ̀ dé ilé ìdáná. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé ilẹ̀ Jàpáànì fún ilé yìí ní ẹ̀bùn lọ́dún 1979. Ohun tí Ando yọ̀ǹda ni ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ tí kò tó tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Ilé Moriyama tí Ryue Nishizawa kọ́ sí Tokyo lọ́dún 2005. Dípò ilé kan, ilé kéékèèké mẹ́wàá ló tò sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì gbin igi àti òdòdó sí àárín wọn. Irin pẹlẹbẹ ló fi ṣe ògiri, kí ògiri má baà jẹ àyè inú yàrá. Onílé ń gbé inú díẹ̀, ó sì fi ìyókù háyà. Kò sí ọgbà yí i ká. Láti ojú ọ̀nà lèèyàn ti ń rí àlàfo àárín àwọn ilé náà. Ohun tí Nishizawa yọ̀ǹda ni ọgbà.

ÌYỌ̀ǸDA TÍ ÒFIN FI DANDAN MÚ

Kì í ṣe ọgbọ́n ayàwòrán-ilé nìkan ló gbé àwọn àdúgbò yìí ró. Òfin ilé kíkọ́ ọdún 1950 sọ pé ilẹ̀ tí ènìyàn bá fẹ́ kọ́lé sí láàrin ìlú gbọ́dọ̀ kan ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 4, ibi tó ti kàn án kò sì gbọdọ̀ dín ní mítà 2. Bí ọ̀nà bá há ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá fẹ́ tún ilé kọ́ yóò sún sẹ́yìn títí yóò fi jìnnà ní mítà 2 sí àárín ọ̀nà. Bákan náà, láti ọdún 1962 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ní mọ́tò ní ibi tí yóò máa gbé e sí, tí kì í ṣe ojú ọ̀nà.

Kí nìdí? Ẹ rántí Kobe. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1995, ìsẹ̀lẹ̀ pa ènìyàn tó lé ní 6,400 ní ìlú náà àti agbègbè rẹ̀. Ní àdúgbò Nagata, iná ń ti ilé onígi kan bọ́ sí èkejì. Omi ẹ̀rọ ti já, òkìtì ilé tó wó sì dí ọ̀nà tóóró. Ìgbà náà ni a rí i pé mítà kan tí ènìyàn bá yọ̀ǹda fún ọ̀nà lè jẹ́ ẹ̀mí aládùúgbò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ìdíwọ́ tirẹ̀. Ilẹ̀ tí kò bá kan ọ̀nà bó ti yẹ, wọn kì í sábà gbà kí wọ́n tún ilé kọ́ sórí rẹ̀. Nítorí náà, ilé onígi tó ti gbó a máa wà níbẹ̀ síbẹ̀, níbi tí ewu iná ti pọ̀ jù.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Lọ́dún 1992, Yoshiharu Tsukamoto àti Momoyo Kaijima dá ilé-iṣẹ́ Atelier Bow-Wow sílẹ̀ ní Tokyo. Wọ́n rìn káàkiri ìlú, wọ́n ń ya àwọn ilé bíńtín tó wọ àlàfo tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ìwé. Wọ́n wo ohun tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ohun tó yẹ. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò tí a ń gbé.

Yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́, bí ìfẹ́ bá wà. Ohun tí a rí kọ́ ní Jàpáànì ni pé ìfẹ́ nìkan kò tó. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sún. Bí gbogbo wa bá kọ́lé dé ojú ààlà, ta ni yóò fi ọ̀nà sílẹ̀ fún panápaná?

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Nínú ilẹ̀kùn, ìdá kan ilẹ̀ àti ọgbà, èwo ni ẹ lè yọ̀ǹda? Kí nìdí?
2. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí òfin gba lára ilẹ̀ onílé nítorí ọ̀nà?
3. Ẹ wọn ọ̀nà kan ní àdúgbò yín. Ǹjẹ́ ọkọ̀ panápaná lè gba ibẹ̀ kọjá?