Ooru Ni Ìyá Ariwo: Bí A Ṣe Ń Pa Kọ̀ǹpútà Lẹ́nu Mọ́ Nínú Sítúdíò Ilé

Ìyá kan tó máa ń kéwì wá gba ohùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ kan, nínú yàrá kékeré tí mo fi ṣe sítúdíò ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Aago mọ́kànlá ti lù. Àwọn jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́, ọkọ̀ ti dín lójú títì, mo sì ti pa fáànù òkè àjà. Lójú tèmi, gbogbo nǹkan ti tòrò. Ìyá kéwì tán, mo gbé hẹ́dífóònù lé wọn létí kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn. Wọ́n ń gbọ́ ọ bọ̀, wọ́n ń mi orí, àfi bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n ti sinmi díẹ̀ láàárín ìlà kan sí èkejì. Wọ́n yọ hẹ́dífóònù, wọ́n wojú mi.

"Ọmọ mi, òjò wo ló ń rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Kò sí òjò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni.

"Ìyá, ẹ má bínú. Kọ̀ǹpútà ni."

"Ta ló wá pè é sí ewì mi?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹni tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ kì í gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́, nítorí etí èèyàn mọ bí a ṣe ń pa ariwo tó bá ń lọ bákan náà tì. Máíkì ò mọ ìyẹn ṣe. Ohun gbogbo tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà. Ọ̀rọ̀ náà tún wá burú sí i lẹ́yìn tí a bá gba ohùn tán, nítorí a máa ń gbé ibi tí ohùn ti rẹlẹ̀ sókè kó lè bá ibi tó ròkè dọ́gba. Bí a bá ṣe ń gbé e sókè ni ariwo tó sápamọ́ sábẹ́ rẹ̀ ń bá a dìde. Bí akọrin bá sì ní kí a gba ohùn òun lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí a tò ó léra kó lè dún bí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, fáànù náà ti bá a kọrin lẹ́ẹ̀mẹjọ nìyẹn. Dẹ́síbẹ̀lì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn bí ohùn ṣe pọ̀ tó. Ìgbàkígbà tí iye ohùn tí a tò léra bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì 3 ló ń gun orí ariwo. Tó bá fi máa di ohùn mẹ́jọ, ó ti di 9. Bí nǹkan bá sì fi dẹ́síbẹ̀lì 10 ròkè sí i, etí wa á gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì.

Kí ló wá ń pariwo nínú kọ̀ǹpútà? Ọpọlọ rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní processor, máa ń gbóná bó bá ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé irin kan lé e lórí, irin tí wọ́n tò ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ojú ewé ìwé, kí ooru lè gba ibẹ̀ jáde. Fáànù kan wà lórí irin náà tó ń fẹ́ ooru yẹn dànù. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, òmíràn tún wà nínú páwápáàkì tó ń fún un níná, òmíràn wà lẹ́yìn àpótí. Háàdì dísìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, ní àwo róbótó nínú tó ń yí nígbà 5400 tàbí 7200 ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ohùn tiẹ̀ sì tín-ín-rín bíi ti yànmùyánmú.

Fáànù kì í dédé sáré o. Kọ̀ǹpútà ní ohun tó fi ń wọn ooru ara rẹ̀, bí ooru bá ti ròkè ló ń pàṣẹ fún fáànù pé kó yára. Ooru ni ìyá ariwo. Ẹni tó bá di èyí mú kò ní ná owó rẹ̀ síbi tí kò yẹ.

Èmi ti ná an rí. Mo ní kí káfíńtà kan kan kọ́bọ́ọ̀dù fún mi, mo lẹ fóòmù mọ́ inú rẹ̀ yíká, mo ti kọ̀ǹpútà mọ́ ibẹ̀ bí ẹni ti adìyẹ mọ́lé. Fún bíi ogún ìṣẹ́jú, yàrá pa rọ́rọ́, inú mi ń dùn. Nígbà tó yá, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú kọ́bọ́ọ̀dù bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. Kí n tó débi ilẹ̀kùn, kọ̀ǹpútà ti kú. Orin tí a ti ń gbà láti ìrọ̀lẹ́ bá a lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ooru tó ń tú jáde kò rí ọ̀nà lọ, òun náà ni fáànù tún ń fà padà wọlé. Bí ooru ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá ń lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n 100 Celsius, á kọ́kọ́ dín iṣẹ́ kù. Bí ìyẹn ò bá tó, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Ẹ má ṣe sé kọ̀ǹpútà mọ́ ibi tí atẹ́gùn ò gbà jáde, ẹni yòówù kó gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ariwo ti ń jáde. Ẹ ká ìwé ìròyìn bíi fèrè, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan sétí, kí ẹ máa fi ẹnu kejì tọ ara kọ̀ǹpútà lọ díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀yìn dé ẹ̀gbẹ́, dé iwájú. Tó bá ń dún "wùùù" bí atẹ́gùn, fáànù ló ń sáré. Tó bá ń dún "kẹrẹkẹrẹ", ó ṣeé ṣe kí bíárìn fáànù ti jẹ. Ìyẹn kò ní wò sàn fúnra rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí tábìlì. Bí ohùn náà bá yí padà, tábìlì ló ń bá kọ̀ǹpútà gbọ̀n, bí ìgbà tí awọ ìlù ń gba ọwọ́ onílù. Èmi gé sílípáàsì àtijọ́ kan sí mẹ́rin, mo fi tẹ́ ìdí kọ̀ǹpútà mi ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ìlù tábìlì ṣe dákẹ́ nìyẹn, n kò ná kọ́bọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Ìyá sọ̀rọ̀ òjò, bí wọ́n ṣe lọ tán ni mo yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú tì mí. Eruku ti dì sáàárín irin pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn, ó funfun ráúráú bí òwú tí òjò ti pa. Mo fi ìka mú un létí, ó sì jáde lódindi bí àkísà. Ọyẹ́ tó fẹ́ lọ́dún yẹn, àti ti èṣí, gbogbo rẹ̀ ló ti kóra jọ síbẹ̀. Atẹ́gùn kò ráyè kọjá, fáànù ń sáré lásán, ooru sì jókòó síbi tó wà.

Mo gbé e síta láàárọ̀, nítorí ẹni tó bá gbọn irú eruku bẹ́ẹ̀ nínú yàrá, inú yàrá náà ni yóò padà sí. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó rọ̀, tí ẹnì kan kò tíì fi kun nǹkan, ló dára jù. Bí ẹ bá fẹ́ fi bílóà fẹ́ ẹ, ẹ fi ìka kan di apá fáànù mú kó má lè yí. Bí atẹ́gùn bílóà bá ń yí i kọjá agbára rẹ̀, bíárìn lè bàjẹ́. Ẹ má tú páwápáàkì rárá. Bí ẹ tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná ṣì lè wà ní ikùn rẹ̀ tó lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ níta ni kí ẹ ti gbọn eruku rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ti pẹ́ lọ́dún, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tún fi ìpara tuntun sáàárín ọpọlọ àti irin orí rẹ̀, torí èyí tó wà níbẹ̀ máa ń gbẹ, kì í sì í gbé ooru dáadáa mọ́. Nígbà tí mo parí, tí mo tan tèmi, mo tún bọ́tìnì tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé kò tíì tàn ni.

Iṣẹ́ tí a ń gbé lé kọ̀ǹpútà lórí ńkọ́? Òun náà ń mú ooru wá. Kí akọrin tó ṣí ẹnu, ẹ ti gbogbo nǹkan tí ẹ kò lò: íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò, ètò tó ń wá kòkòrò kiri inú kọ̀ǹpútà. Nínú ètò iná Windows, ibì kan wà tí a ti lè dín agbára ọpọlọ kù láti 100 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó jọ eré ọmọdé, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹyọ kan yẹn kò ní jẹ́ kí ọpọlọ tún máa sá eré àsápajúdé mọ́, ooru á sì wálẹ̀ kíákíá.

Bí owó bá wà, ẹ fi SSD rọ́pò háàdì dísìkì. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, nítorí náà kò lóhùn. Fáànù tó fẹ̀ tó mìlímítà 120 lè máa rọra yí, síbẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn tí ti 80 ní láti sáré kó tó lè fẹ́. Ẹ kàn wo bóyá àpótí yín ní àyè rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tilẹ̀ wà tí kò ní fáànù rárá, bíi MacBook Air M1 tó jáde ní ìparí 2020. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó ẹ̀pà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ ni ọ̀rọ̀ máíkì, nítorí ọ̀fẹ́ ni, ó sì lágbára ju ohun tí à ń rà lọ. Ẹ na ọwọ́ yín: àyè tó wà láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka ọmọńdinrín tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Bí akọrin bá dúró sí 40, tí ẹ mú un súnmọ́ 20, ohùn rẹ̀ nínú máíkì á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 6 lé. Ẹ lè wá fi 6 yẹn dín agbára máíkì kù, ariwo kọ̀ǹpútà á sì bá a lọ sílẹ̀. Gbígbé kọ̀ǹpútà jìnnà náà dára, ṣùgbọ́n nínú yàrá kékeré, ògiri á máa dá ariwo rẹ̀ padà, èrè rẹ̀ kì í pé. Bí ẹ bá lè lu ògiri, kí ẹ gbé e sí yàrá kejì, ẹ rántí pé wáyà USB lásán kò yẹ kó gùn ju mítà 5 lọ.

Máíkì tí ọ̀pọ̀ akọrin ń lò, bíi Shure SM58 tó ti wà láti 1966, iwájú ló ń gbọ́ dáadáa. Kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Ariwo tó jáde lára kọ̀ǹpútà á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọrin, á lu ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, á padà wá gba iwájú máíkì wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé ògiri yìí. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn kọ́ sẹ́yìn akọrin. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò dá ariwo dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi kó ẹyin.

Ìyá padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n tún gbọ́ ibi ìsinmi yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, èémí wọn ló wà níbẹ̀, àti ìró ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn bí wọ́n ṣe yíjú. Mo ní kí n yọ ìró ìlẹ̀kẹ̀ náà. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ariwo kan ṣì kù tí kì í ṣe ti fáànù. Bí ẹ bá ń gbọ́ "hùnnn" tó dúró sójú kan, tí kì í yára, tí kì í rọlẹ̀, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí ẹ lo bátìrì. Bó bá dákẹ́, iná ló gba ara wáyà wọlé, kò gba ojú máíkì. Ìgbà 50 ni iná ìjọba wa ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn ìyẹn gan-an lẹ sì ń gbọ́. Ẹ ki gbogbo ẹ̀rọ sítúdíò bọ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Ẹ má sì gé ẹsẹ̀ àásì lára púlọ́ọ̀gì nítorí ariwo, ẹsẹ̀ yẹn ló ń gba ẹ̀mí là.

Ètò orí kọ̀ǹpútà náà wà tó ń fọ ariwo kúrò lẹ́yìn ìgbà tí a bá ti gba ohùn tán. Audacity, tó jáde ní 2000, ọ̀fẹ́ ni: ẹ ó fi ibi tí ariwo nìkan wà hàn án, á sì wá irú rẹ̀ yọ káàkiri. Díẹ̀ ni kí ẹ lò. Bó bá pọ̀ jù, ohùn èèyàn á máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi.

Iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe lálẹ́ òní rèé: nígbà tí àdúgbò bá ti sùn, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹ fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá gbọ́ sínú ìwé, àti ibi tí ẹ rò pé ó ti wá, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan.