Kí Olùyọ̀ǹda Tó Sọdá Òkun

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè nílẹ̀ òkèèrè ro òwe yìí dáadáa kí ó tó di ẹrù, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń gbé oògùn dání kí wọ́n tó mọ àìsàn. Ọjà Creek Road ní Port Harcourt lè jẹ́ kó yé wa. Ẹ̀bá omi ni ọjà náà wà, kò jìnnà síbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Bonny. Ẹja, edé àti ìṣáwùrú pọ̀ níbẹ̀. Ká ní olùyọ̀ǹda kan dé ibẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, tàbí láti Ìbàdàn pàápàá, tó rí i pé ẹja wọ́n, tí èrè ìyá ẹlẹ́ja kò sì tó nǹkan, ó lè rò pé ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ni wọ́n nílò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìyá tó ti ń ra ẹja lọ́wọ́ apẹja láti kékeré mọ ìṣirò rẹ̀ lórí. Lára ohun tó ń sọ ẹja di ọ̀wọ́n ní agbègbè yẹn wà lójú omi, níbi tí ojú àlejò kò dé. Lọ́dún 2008, epo rọ̀bì tú jáde lẹ́ẹ̀mejì láti inú páìpù Shell ní Bodo, nílẹ̀ Ogoni, ó sì ba odò àwọn apẹja jẹ́. Ọdún 2015 ni ilé iṣẹ́ náà tó gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn fún wọn. UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, sì ti sọ lọ́dún 2011 pé àtúnṣe ilẹ̀ Ogoni lè gba ọdún 25 sí 30. Ẹ̀kọ́ ìṣirò kò lè wo èyí sàn.

Àwọn kan yóò ní ìyà ń jẹ àwọn èèyàn, àkókò kò sì sí fún ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ìkánjú ti ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ rí. Ní oṣù October 1961, ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ àkọ́kọ́ tí Peace Corps, ètò olùyọ̀ǹda ti ìjọba Amẹ́ríkà, rán wá sí Nàìjíríà kọ póòsìkáàdì sílé nípa bí ìgbé ayé Ìbàdàn ṣe burú tó lójú rẹ̀. Káàdì náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, olùyọ̀ǹda náà sì padà sílé. Òótọ́ ni pé àwọn èèyàn ń dáná, wọ́n sì ń tajà ní títì, bí ó ṣe kọ ọ́. Kò tíì pẹ́ tó láti mọ ìdí rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi gba ti Technical Aid Corps, ètò tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ lọ́dún 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Orílẹ̀-èdè tó nílò dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ ló máa ń béèrè kí a tó rán wọn lọ fún ọdún méjì.

Òmíràn á ní àlejò a máa rí ohun tó ti mọ́ onílé lójú. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn sì wúlò, bí ó bá gbé ohun tó rí wá gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè. Kí ó kọ́ èdè tí wọ́n fi ń nájà, bíi pijin ní Creek Road. Kí ó wádìí ẹni tó ń dá iye lé ọjà, ẹni tó ti gbìyànjú irú iṣẹ́ náà rí, àti ohun tó dá a dúró. Bí ó bá jẹ́ fìríìsà ńlá fún ẹja ló wà lọ́kàn rẹ̀, kí ó mọ ẹni tí yóò máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ àti ẹni tí yóò tún un ṣe, kí ó tó kọ lẹ́tà sí ẹni tó fẹ́ fowó sí i.