ÌJÀ KÒ DỌLÀ: Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́ LÁRA OGUN LÀÌBÉRÍÀ

Àwọn àgbà ní ìjà kò dọlà, orúkọ ní í sọni. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹnìkan bèèrè pé àǹfààní wo ló wà nínú kí àwọn orílẹ̀-èdè máa kó ṣọ́jà àti aṣojú lọ sí ìlú onílùú láti parí ìjà tí kì í ṣe tiwọn. Àwọn kan ní òfo ọjọ́ kejì ọjà ni. Àwọn kan ní bí wọn kò bá lọ, àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ì bá ti run. Ilẹ̀ ṣú, ọ̀rọ̀ kò parí, ni a bá gbà láti lọ wádìí rẹ̀. Èyí ni ohun tí a rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn lásán fún wa. Òkè Ọya ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wa sí, èdè Haúsá ni a fi ṣeré nígbà èwe, a kì í sì í dé ilé bàbá wa àfi ọdún Kérésì tàbí Iléyá. Ó wà lára wa tí ó ti sùn ní bárékè rí nítorí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàrin ẹ̀yà méjì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó sì wà lára wa tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ṣọ́jà tó lọ sí Làìbéríà. Ìdí nìyí tí a fi mú Làìbéríà ṣe àpẹẹrẹ.

Bí iná náà ṣe ràn

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989, Charles Taylor àti àwọn jagunjagun rẹ̀ gba ẹnu ààlà wọ agbègbè Nimba láti lé Ààrẹ Samuel Doe kúrò lórí oyè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ náà ni ìjà náà bẹ̀rẹ̀. Láti 1847 tí Làìbéríà ti gba òmìnira, àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n padà láti Amẹ́ríkà ló di ìjọba mú, tí wọn kò ka àwọn onílẹ̀ sí. Ní 1980, Doe fi ìbọn gba ìjọba. Nígbà tí àwọn kan gbìyànjú láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1985, àwọn ṣọ́jà rẹ̀ pa àwọn ará Gio àti Mano ní Nimba nípakúpa. Nítorí náà, nígbà tí Taylor dé Nimba, ó bá àwọn ọ̀dọ́ tí inú ń bí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní Làìbéríà, ìgbà tí igi ti wọ ojú tán ni ayé tó lajú.

Àdéhùn tí kò tọ́jọ́

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990, àjọ ECOWAS rán ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG lọ sí Monrovia. Nàìjíríà ló kó ṣọ́jà àti owó tó pọ̀ jù sílẹ̀. Oṣù kan kò tíì pé tí Prince Johnson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi mú Doe ní ibùdó ECOMOG gan-an ní èbúté, tí wọ́n sì pa á.

Lẹ́yìn èyí ni àdéhùn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àdéhùn: ti Kútọnu ní 1993, ti Akosombo ní 1994, ti Àbújá ní 1995. Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé náà rán àwọn alámòójútó wá ní 1993. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jókòó sórí àga wo ni àwọn olórí ogun ń jà lé lórí, ìbọn sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1996, àwọn olórí ogun tí wọ́n jọ jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọba kan náà ló tún dojú ìbọn kọ ara wọn ní Monrovia. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Wọ́n tún ṣe àdéhùn ní Àbújá ní 1996, wọ́n gba díẹ̀ nínú àwọn ìbọn náà, wọ́n sì dìbò ní oṣù Keje ọdún 1997. Taylor wọlé pẹ̀lú nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò. Ọ̀pọ̀ dìbò fún un nítorí ẹ̀rù pé bí kò bá wọlé, yóò tún gbé ìbọn. Nígbà tí ó dé orí oyè, àwọn ènìyàn rẹ̀ ló fi kún ológun àti ọlọ́pàá, ó sì ń ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ní Sàró. Ní 1999, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ mìíràn tí ń jẹ́ LURD gba ọ̀nà Guinea wọlé. Ogun tún dé.

Ọwọ́ àwọn ìyá

Ní 2003, àwọn obìnrin ní ó tó gẹ́ẹ́. Leymah Gbowee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, wọ aṣọ funfun, wọ́n ń jókòó lójoojúmọ́ lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monrovia, nínú oòrùn àti òjò. Nígbà tí ìpàdé àlàáfíà bẹ̀rẹ̀ ní Accra, lábẹ́ Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà, wọ́n tẹ̀lé wọn dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ayé ni àwọn aṣojú ń jẹ ní òtẹ́ẹ̀lì nígbà tí àdó olóró ń bọ́ lu àwọn ènìyàn nílé, wọ́n jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní jáde. Ẹ̀ṣọ́ fẹ́ mú Gbowee, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé lórí èyí. Ta ni yóò rí ìhòòhò ìyá tí ara rẹ̀ yóò dá?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Taylor fi oyè sílẹ̀, ó sì wá sí Calabar. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn Accra.

Ohun tó yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kejì

Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fi ọwọ́ sí i kí wọ́n rán ṣọ́jà tó 15,000 lọ. Gbígba ìbọn kọ́kọ́ dàrú ní oṣù Kejìlá 2003: àwọn jagunjagun tó wá pọ̀ ju iye tí wọ́n múra fún lọ, rògbòdìyàn sì bẹ́. Wọ́n dá a dúró, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2004. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ju 100,000 lọ. Wọ́n tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àtijọ́ ká, wọ́n sì dá tuntun sílẹ̀. Ní 2005, Ellen Johnson Sirleaf di obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn ṣe ààrẹ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn apẹ̀tùsíjà kò sì yára lọ. Oṣù Kẹta 2018 ni wọ́n tó parí iṣẹ́. Ní 2023, nígbà tí Ààrẹ George Weah rí i pé ìbò díẹ̀ ni Joseph Boakai fi ta òun yọ, ó kí i kú oríire kí wọ́n tó kéde èsì tán.

Síbẹ̀, àpá kì í jọ ara. Nítorí ọ̀rọ̀ Sàró ni ilé ẹjọ́ ṣe rán Taylor lọ sẹ́wọ̀n 50 ọdún ní 2012, kì í ṣe nítorí ti Làìbéríà. Ní 2009, ìgbìmọ̀ tó wádìí ogun náà ní kí wọ́n dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀. Ọdún 2024 ni Boakai tó fọwọ́ sí i kí ìmúrasílẹ̀ fún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn tí wọ́n pa ọmọ wọn ní báwo ni àwọn yóò ṣe máa kí apani lójú pópó?

Ẹ̀kọ́ tiwa

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè náà nìyí: ìrànlọ́wọ́ àlejò ń panápaná, kò lè fi ìfẹ́ sínú ọkàn onílé. Ó ṣiṣẹ́ nígbà tí àlejò gba ìbọn, tí ó dúró pẹ́, tí àwọn ará ìlú fúnra wọn sì ti ní àwọn kò fẹ́ ogun mọ́. Níbi tí ó ti jẹ́ pé àwọn olórí ogun nìkan ló ń pín àga, kò tọ́jọ́.

Àwa tí a ń gbé láàrin ẹ̀yà mìíràn ńkọ́? A dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa máa ṣe ìpàdé pọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀yà yòókù lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kò sí ìjà. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọjọ́ tí ìjà bá bẹ́ kọ́ ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè yàrá tí ọ̀rẹ́ wa ń gbé.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé tó ń bọ̀:
1. Kí ló mú kí àdéhùn 2003 tọ́jọ́ ju ti 1996 lọ?
2. Ìdáríjì àti ìdájọ́, èwo ni kí ó ṣáájú?
3. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe ní sáà yìí, tí kò ní ná wa lówó?