Ibi Tí A Fẹ̀yìn Tì

Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 1959, Ẹdẹ ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti sùn nínú Olúwa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ara, Ẹdẹ kò jìnnà sí yín, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kì í ṣe ìtàn òkèèrè. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n gbé e lọ sin. Mo fẹ́ fi ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ yín ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ Kristẹni mọ̀ ọ́n sọ, ṣùgbọ́n tí kò tíì yé wọn: ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run àti ẹni tó gbójú lé agbára ara rẹ̀?

Ọdún 1904 ni wọ́n bí i, ní Odò-Ọwá, nínú ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Kwara lónìí. Nígbà tó dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà, èyí tí àwọn àgbà mọ̀ sí PWD. Ọkọ̀ ńlá onírin tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà. Lóṣù Kẹwàá ọdún 1928, lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ọkọ̀ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún un ṣe títí, kò gbọ́. Ibẹ̀ ló jẹ́rìí pé òun ti gbọ́ ohùn tó ní kí òun fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kí òun lọ wàásù. Ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Yunifásítì tí ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) fi orúkọ rẹ̀ pè wà ní Ìkéjì-Arákejì títí di òní.

Ibí yìí gan-an ni àwọn kan ti máa ń ṣì í gbọ́. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i? Ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kò gbọdọ̀ máa dààmú ara rẹ̀." Rárá o. Iṣẹ́ tó lọ ṣe le ju èyí tó fi sílẹ̀ lọ. Ó rìn láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú Bíbélì àti agogo. Ọwọ́ rẹ̀ kò dẹ̀. Ibi tó fẹ̀yìn tì ló yí padà.

Ẹ wo àgbẹ̀ Ara. Ó ń kọ ebè, ó ń gbin iṣu, ó ń roko, ó ń fi igi ti ọwọ́ iṣu kó lè rí ibi gùn. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tó lè wọnú ebè lọ mú kí iṣu ta. Jésù fúnra rẹ̀ fi irú ọ̀rọ̀ yìí kọ́ni nínú Máàkù orí 4: ọkùnrin kan fúnrúgbìn, ó sùn, ó jí, irúgbìn ń hù, kò sì mọ bó ṣe ń hù. Ẹ kíyè sí i pé Jésù kò bá a wí pé ó fúnrúgbìn, kò sì bá a wí pé ó sùn.

Ẹ̀ṣẹ̀ ìgbójúlé ara ẹni máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ ṣe ìpín Ọlọ́run mọ́ ìpín tiwa. Ọlọ́run ṣèlérí ọmọ fún Ábúráhámù. Ọjọ́ pẹ́, Sárà bá fi Hágárì, ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀, fún ọkọ rẹ̀. Ọmọ dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ìlérí, ìjà sì wọlé. Wọn kò kọ Ọlọ́run sílẹ̀ o. Wọ́n kàn fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni, níbi tí kò ti bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé ibi tó nira. Lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti gbàdúrà. Oògùn àwọn dókítà kò lè wo àrùn náà nígbà yẹn, àdúrà ni wọ́n sì dì mú. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìwòsàn láìlo oògùn ti fìdí múlẹ̀ láàárín wọn, ọ̀dọ̀ irú àwọn onígbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ni Babalọlá sì bọ́ sí. Lóṣù Keje ọdún 1930, àwọn aṣáájú wọn pé jọ sí Òkè-Ooyè ní Iléṣà láti yanjú àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ. Ìpàdé ni wọ́n wá ṣe. Ìsọjí ńlá ló bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kínínì nítorí ibà, ọ̀rọ̀ di ìpínyà. Babalọlá àti Isaac Akínyẹlé, tó di Olúbàdàn lọ́dún 1955, wà lára àwọn tó yà kúrò. Ìjọ tiwọn ni CAC, lọ́dún 1943 ni ìjọba sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ta ló jàre? Èmi kò lè fojú tín-ín-rín àwọn baba wọ̀nyẹn, nítorí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn dúró lé. Síbẹ̀, n kò lè kọ́ yín pé kínínì ni ọ̀tá ìgbàgbọ́. Nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ wo Hesekáyà sàn, wòlíì Àìsáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Ìwé Kíróníkà Kejì bá ọba Ásà wí lórí àìsàn ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ oníṣègùn nìkan ló sá lọ, kò wá Olúwa. Ẹni méjì lè gbé oògùn kan náà mì, kí ọ̀kan máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí èkejì má tilẹ̀ rántí Rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe oògùn. Agbára ara ẹni mọ bó ṣe ń wọ aṣọ funfun. A gbọ́ pé Babalọlá máa ń gbààwẹ̀ gan-an, a wá sọ ààwẹ̀ di owó tí a fi ń ra nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run. A gun orí-òkè fún ọjọ́ méje. Tí ìdáhùn kò bá dé, a ní ọjọ́ méje ti kéré, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di mọ́kànlélógún. Kí la gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀? Iye ọjọ́ ni, kì í ṣe Bàbá. Ohun tí Pọ́ọ̀lù tìtorí rẹ̀ bá àwọn ará Gálátíà wí kíkankíkan nìyí: wọ́n fi oore-ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá fẹ́ fi agbára ara wọn parí rẹ̀. Ọmọ kì í san owó kó tó jẹun nílé bàbá rẹ̀. Ẹ gbààwẹ̀, ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó wá bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni kí ẹ ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe WAEC, ẹ kàwé yín. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má dá a dúró nítorí pé ẹnì kan ní ìgbàgbọ́ yín kéré. Kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé, kí kálukú ka Gálátíà orí 3 nílé, kó sì bi ara rẹ̀ léèrè níwájú Ọlọ́run pé: bí ohun tí mò ń gbààwẹ̀ lé lórí kò bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, ṣé màá ṣì máa pè É ní Bàbá?