WÀRÀ TÍ A Ń RÀ LỌ́JÀ: BÍ A TI LÈ MỌ ÈYÍ TÍ Ó DÁRA

Ọ̀rọ̀ wàrà ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó ti fi ìyà jẹ mí rí. Mo ra á lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbé e sílé nínú omi rẹ̀ di ọjọ́ kẹta, mo sì jẹ ẹ́ láìsè é. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ méjì ni èrè mi. Ẹ̀bi ẹni tí ó tà á fún mi kọ́. Èmi ni n kò mọ ìwà wàrà.

Nínú ìwọ̀n 100 mílíìkì màlúù, nǹkan bí 87 jẹ́ omi. Àwọn obìnrin Fúlàní a gbé mílíìkì náà kaná, wọn a sì fi oje bomubomu sí i kí ó lè dì. Ọ̀rá àti èròjà tí ń mú ara dàgbà, tí ń mú egungun le, a ṣù pọ̀; omi a yà sọ́tọ̀. Wọn a dà á sínú agbọ̀n kékeré kí omi lè ro. Púpọ̀ nínú ṣúgà mílíìkì a bá omi náà lọ. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn tí mílíìkì ń da inú rẹ̀ láàmú fi lè jẹ wàrà.

Iná a máa pa kòkòrò àrùn, títí kan ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tí màlúù lè kó ràn wá. Ṣùgbọ́n bí wàrà bá ti kúrò lórí iná, ọwọ́, agbọ̀n àti omi lè tún kó kòkòrò bá a. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì ní iyọ̀. Nítorí náà kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru ilẹ̀ wa.

Ẹ wo àwọn ará erékùṣù Kípírù. Wàrà tiwọn ni à ń pè ní halloumi. Wọn a sè é nínú omi ara rẹ̀, wọn a sì fi í pamọ́ sínú omi iyọ̀. Iyọ̀ a fa omi jáde, a sì dí kòkòrò lọ́wọ́. Nítorí náà ni ó fi le, tí ó sì lè pẹ́ fún oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó ṣọ́ra fún iyọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra wàrà tiwa, ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin wò:

1. Ojú: kí ó funfun. Bí ebu bá wà lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

2. Ara rẹ̀: ẹ ní kí wọ́n fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Kí ó le díẹ̀. Èyí tí ó ń yọ̀, tí ó ń fà bí ilá, ti bàjẹ́.

3. Òórùn: kí ó máa rùn bíi mílíìkì. Bí ó bá ti kan, ó ti pẹ́ nílẹ̀.

4. Adùn: bí ó bá korò, ó lè jẹ́ pé bomubomu ti pọ̀ jù.

Ní ilé, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ fi omi mìíràn àti iyọ̀ díẹ̀ sè é fún ìṣẹ́jú 10, tàbí kí ẹ dín in. Kì í yọ́ bíi bọ́tà. Ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé sísè kò lè sọ wàrà tí ó ti bàjẹ́ di rere. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ bomubomu kí ó má dán an wò: oje rẹ̀ lóró, ó sì lè ba ojú jẹ́.

Oúnjẹ aṣaralóore ni wàrà. Ìdáná ìṣẹ́jú 10 kò tó ìnira ọjọ́ méjì tí mo jẹ. Ìlera loògùn ọrọ̀.